Ọ̀rọ̀ Orí Ọ̀pá Ìkìbọn Àwọn Ọdẹ Wa

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú Òdogbolú, àti ti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré ní etí ẹni tí kì í ṣe ọdẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn ni, àti ti irin tí ó yẹ kí ó wà ní orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ìbọn ṣakabùlà ti ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀mí ọdẹ so mọ́ ọ̀pá náà gẹ́gẹ́ bí ó ti so mọ́ ìbọn fúnra rẹ̀.

Láti ẹnu ni a ti ń ki ìbọn bẹ́ẹ̀. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó dí i, a ó fi ọta sí i, ọ̀pá ni yóò sì ti gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ọta bá dúró ní agbedeméjì, tí àlàfo wà láàrin òun àti ẹ̀tù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ̀tù bá sì tutù ní ìgbà òjò tí ìbọn kọ̀ tí kò dún, ó di dandan kí a wá ọ̀nà rere tí a ó fi fa ohun tí a kì sínú rẹ̀ padà. Irin mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń dè mọ́ orí ọ̀pá fún irú iṣẹ́ yìí: èkíní ni irin yíyí tí ń kọ́ ohun tí a fi dí ẹ̀tù jáde, èkejì ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ń wọ ara ọta òjé kí a lè fà á, ẹ̀kẹta ni orí tí a ń wé àkísà mọ́ láti fi nu inú ìbọn.

Níbi tí a ti ń de irin wọ̀nyí mọ́ ọ̀pá ni wàhálà gbé wà. Ìlà yíyí tí ó wà ní ara ìdè, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì, kò dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n méjì ni ó wọ́pọ̀ jù fún ọ̀pá ìkìbọn: 8-32 àti 10-32. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ìdè ti nípọn tó. 8 jẹ́ íǹṣì 0.164, 10 sì jẹ́ íǹṣì 0.190. Nọ́ńbà kejì ń sọ pé ìlà 32 ni ó wà nínú íǹṣì kan. Ẹ kíyè sí ẹ̀tàn tí ó wà níbẹ̀: bí a bá fi irin 8 sínú ihò 10, ó lè dàbí ẹni pé ó di ọ̀pá mú díẹ̀, ìgbà tí a bá fà á tagbára-tagbára ni yóò yọ, tí yóò sì kù sínú ìbọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdè mìlímítà 5, tí ó fi díẹ̀ jọ 10-32, yóò yí wọ inú ihò rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò há.

Ní 1841 ni Joseph Whitworth, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lábàá pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìlú rẹ̀ máa gé tírẹ́ẹ̀dì ní ìwọ̀n kan náà, nítorí pé olúkúlùkù ni ó ń gé tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ṣe ìbọn ìkì tí ihò inú rẹ̀ ní igun mẹ́fà, èyí tí Ọbabìnrin Victoria yìn ní Wimbledon ní 1860. Ní oṣù kejì 1904, iná ńlá sọ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà. Àwọn panápaná sáré wá láti Washington, ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà wọn kò bá ẹnu ẹ̀rọ omi Baltimore mu. Ilé tí ó lé ní 1,500 ni iná náà jó.

A kò gbàgbé Ìmagbọn, ní oṣù karùn-ún 1892. Àwọn baba wa kò ṣe aláìní ìgboyà níbẹ̀. Ìbọn Maxim tí ó dojú kọ wọ́n jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí ó ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n, tí apá kan fi lè rọ́pò èkejì láìjáfara.

Nítorí náà, èrò wa nìyí: kí àwọn alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ wa mú ìwọ̀n kan ṣoṣo, mìlímítà 6, tí ìlà rẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní mìlímítà 1. Òun ni ó kún ara alùpùpù wa. Kò sí ọjà tí a ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tí a kò ti lè rí i. Ó nípọn ju 10-32 lọ, ihò ṣakabùlà sì gba ọ̀pá tí ó lè gbé e. Bí ọ̀pá bá jẹ́ igi, kí a fi idẹ dé e lórí, kí a sì gún ìṣó já a lódìkejì, kí ó má ṣe jẹ́ àtè nìkan ni yóò mú un. Idẹ kì í jẹ ẹnu ìbọn bí irin líle ti ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀pá lásán ni àwọn àgbà lò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà kò kọ irin tí ó bá sàn ju ti àná lọ. Àwọn mìíràn yóò wí pé ti Amẹ́ríkà ni kí a mú, nítorí pé ó ti wà ní títà. A dá wọn lóhùn pé ẹni tí irin rẹ̀ sọnù nínú igbó kò lè dúró de ọkọ̀ òkun.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a máa ń wí fún àwọn ọmọ wa pé ìwọ̀n tí kò ní àpẹẹrẹ kan pàtó kì í pẹ́ yí padà. Kí a gbẹ́ ìdè kan àti ihò rẹ̀, kí a fi wọ́n pamọ́ sí ààfin, kí Olúọdẹ àti olórí àwọn alágbẹ̀dẹ sì máa fi tiwọn wé e. Kí olúkúlùkù ọdẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ara ọ̀pá rẹ̀, níbi tí ó dé nígbà tí ìbọn ṣófo àti níbi tí ó dé nígbà tí a kì í, kí ó lè mọ̀ láìṣiyèméjì bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀. Kí ó má sì gbàgbé ìwé àṣẹ rẹ̀, nítorí pé Òfin Ìbọn ti 1959 mú ṣakabùlà pẹ̀lú.

Láti 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ni a tún ti ń bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n bá wa ṣọ́ oko àti ọ̀nà. Kò tọ́ kí a gbé ẹrù ìlú lé wọn lórí, kí a sì fi ọ̀pá tí kò bá orí rẹ̀ mu lé wọn lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí a pe ìpàdé náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.