Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Nígbà tí àwọn àgbà wa sọ pé ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, kì í ṣe òrùlé àti ògiri ni wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé orúkọ kò gbọdọ̀ ti inú ẹni tí ń sọ ọ́ nìkan wá. Ìdílé ọdẹ a máa fi Ọdẹ́ bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ tirẹ̀, ìdílé onílù a máa fi Àyàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ilé tí òfò bá sì ti ṣẹ̀ a máa wá orúkọ tí yóò tù ú nínú. Ní Ìlọrin Àfọ̀njá níhìn-ín, níbi tí àáfà ti ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, orúkọ ẹ̀sìn ni yóò ṣíwájú, kí ìyá àgbà tó fi oríkì bí Àlàbí tàbí Àṣàkẹ́ ki ọmọ náà káàbọ̀ sí ilé ayé. Ẹni tí kò wo gbogbo èyí tí ó sáré la ẹnu, orúkọ tí ó sọ lè dùn létí, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni yóò rù ú káàkiri.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fótò rí. Àwọn ọ̀dọ́ onífótò ń pọ̀ sí i nílùú yìí, láti Tánkè títí dé òpópó Táíwò, àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá náà sì ń pọ̀, tí tọkùnrin-tobìnrin ń péjọ sínú gbọ̀ngàn ní òwúrọ̀ Sátidé, tí olùkọ́ ń dúró níwájú, tí orin ń dún kíkankíkan, tí gbogbo wọn ń fò, tí wọ́n ń lóṣòó, tí wọ́n ń ju apá. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kí ayé mọ òun, onífótò ni yóò ránṣẹ́ pè. Ohun tí ẹni náà bá sì yà ni gbogbo ìlú yóò fi máa dá wọn mọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook. Òun ni ó sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó rántí Rashidi Yekini, akọni agbábọ́ọ̀lù tí ìdílé rẹ̀ ti Kwara ṣẹ̀ wá, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ńlá inú Sítédíọ̀mù Ìlọrin. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1994, nílùú Dallas ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé wọ àwọ̀n Bulgaria, ó wọ inú àwọ̀n náà lọ, ó na apá méjèèjì gba ojú rẹ̀ jáde, ó sì ké tẹkúntẹkún. Góòlù 37 ni ó jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n fótò kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń ya irú rẹ̀ kì í ṣàdédé bá a pàdé: ẹ̀yìn góòlù ni ayàwòrán eré bọ́ọ̀lù ti ń jókòó kí ẹnikẹ́ni tó fọn fèrè, nítorí ó ti mọ ibi tí ayọ̀ àti ìbànújẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń wọ́ sí.

Àmọ́ ìta gbangba ni pápá wà. Inú gbọ̀ngàn ni ọ̀rọ̀ ti le. Iná mànàmáná tí a ń lò ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe ti NẸ́PÀ, ìbáà ṣe ti jẹnẹrétọ̀, a máa lọ síwá-sẹ́yìn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù gbọọrọ àtijọ́ a máa tàn, a sì máa rẹ̀wẹ̀sì, nígbà 100 láàárín àkókò kan náà. Ojú ènìyàn kò lè rí i, ojú kámẹ́rà ni ó ń rí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá eléré dúró sójú òfuurufú, ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fẹ́ kí ojú kámẹ́rà fi ṣí. Lábẹ́ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, fótò kan á mọ́, èkejì á ṣú, ẹ̀kẹta á ní ìlà dúdú lójú bí ẹni tí a là ní pélé, onífótò á sì máa bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti wo ilé tẹ́lẹ̀ ni, ì bá ti mọ̀ pé ìdá kan nínú 100 ni gílóòbù náà fẹ́, kí òun sì máa ṣọ́ ìgbà tí ara fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró fúnra rẹ̀: ẹni tí ó fò sókè a máa dúró díẹ̀ níbi tí fífò rẹ̀ ga dé kí ó tó máa bọ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tí ó ti bi olùkọ́ léèrè bí eré yóò ti tẹ̀ léra wọn yóò ti máa dè é. Ó sì lè jẹ́ pé fèrèsé ńlá wà ní ìhà ìlà-oòrùn, tí ó jẹ́ pé bí a bá pa gílóòbù kí a sì ká kọ́tìnì sókè, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ yóò tó, awọ ara gbogbo wọn yóò sì jọ awọ ara ènìyàn, kì í ṣe apá kan pupa rúsúrúsú, apá kan búlúù.

Fíláàṣì ńkọ́? Bí àjà bá funfun tí kò sì ga jù, a lè kọjú rẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ máa rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pákó dúdú ni wọ́n fi kan àjà, a kàn ń fi bátìrì ṣòfò ni. Dígí tí ó gba ògiri kan, bí ó ti sábà máa ń rí níbi eré ìdárayá, yóò da fíláàṣì padà sójú ẹni tí ó tàn án, yóò sì ya onífótò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ikùn àti báàgì rẹ̀ mọ́ àwọn eléré. Ẹni tí ó sì ti inú ọkọ̀ tútù wọ gbọ̀ngàn tí òógùn ti mú gbóná, ní oṣù Kẹta pàápàá, kí ó tètè yọ kámẹ́rà síta, nítorí ìrì yóò bo ojú awò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan gbà pé kámẹ́rà olówó gọbọi ni yóò bá wọn mójú tó gbogbo èyí. Mo kí wọn kú owó níná.

Ilé tí ó ju ilé lọ ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Àlàájà tí ó fi híjáàbù sílẹ̀ wọ aṣọ eré nítorí pé obìnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin ni ó yẹ kí ó ya fótò, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn sì kọ́kọ́ wò ó kí ó tó jáde. Ìgbà kan wà tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ na ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ó dára fún ara rẹ̀, tí kò sì dára fún fótò rárá. Malick Sidibé, ayàwòrán ìlú Bamako, tí ó ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ń jó ní òru Kérésìmesì ọdún 1963 ní fótò tí gbogbo ayé wá mọ̀, kì í ṣe àlejò láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń yà: àwọn ẹgbẹ́ wọn ni ó ń pè é sí òde, lẹ́yìn òde náà, wọn a lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ wo fótò, wọn a mú èyí tí ó wù wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlànà ìjọba tí ó jáde ní 2019 ti ka fótò mọ́ ìsọfúnni ara ẹni ní gbangba, òfin ọdún 2023 sì tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ ẹni lórí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kí a bi àwọn eléré léèrè kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí kò bá fẹ́ sì dúró sí igun kan tí kámẹ́rà kò ní kọjú sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi wọ́n ní ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe onífótò, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí eré ti wọra kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ jẹ́ kí ó wá ní Sátidé tí ó ṣáájú, ní wákàtí kan náà, kí ó jókòó láìya ohunkóhun, kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì san owó ọjọ́ náà fún un, nítorí iṣẹ́ ni.