Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí kẹ̀kẹ́ oníná?

Àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa olówó-oṣù ní Àjàṣẹ́ àti Kutonu. Bí ènìyàn bá ti rí iṣẹ́ ìjọba, ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó yá owó ní báńkì, kí ó fi ra ọkọ̀ àlòkù tí ó ti Yúróòpù bọ̀. Bí kò bá ṣe é, wọn a ní ìwé tí ó kà kò so èso. Àṣà yìí ni mo fẹ́ takò. Fún ìrìn ojoojúmọ́ nínú ìlú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tóbi ju iṣẹ́ tí a ń rán an lọ. Kẹ̀kẹ́ oníná, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà tí bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré kan sì ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ni ó bá ìrìn náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Olùkọ́ tí ilé rẹ̀ fi kìlómítà 3 jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ń lọ láàárọ̀, tí ó ń wálé jẹun lọ́sàn-án, tí ó tún ń padà síbi iṣẹ́, kìlómítà 12 ni ó ń rìn lójúmọ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó di 264. Ọkọ̀ tí ń mu lítà 8 fún 100 kìlómítà yóò mu lítà 21 lóṣù. Kẹ̀kẹ́ oníná kò ní lò ju nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 4 lọ fún ìrìn kan náà. Ìdí rẹ̀ kò farasin: irin tí ó wọ̀n tó 1.000 kílò ni a ń wọ́ kiri nítorí olùkọ́ kan àti àpò ìwé rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A kò sì tíì ka gbèsè báńkì, táyà àti owó mẹkáníìkì.

Níbo ni epo náà ti ń wá? Gbogbo wa mọ kpayo tí ó wà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Kò pẹ́ tí iye kpayo fi fò sókè lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláṣẹ tí a kò dìbò fún ló dín oúnjẹ ọmọ wa kù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo yìí pamọ́ sí ní agbègbè Sèmè-Podji, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30. Ẹni tí ó bá ń ra epo yìí kí ó lè wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ, kí ó rántí wọn.

Wọn yóò ní iná mànàmáná máa ń lọ. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n bátìrì ṣeé yọ kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá fi gba iná lóru lè fi rìn fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná kò bá sì dé, ẹsẹ̀ ṣì wà. Wọn yóò ní òjò ń rọ̀. Aṣọ òjò wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń rìn nínú òjò yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn yóò ní ó wọ́n. Kò pọ́ọ́kú, bátìrì rẹ̀ sì ń gbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Síbẹ̀ kò súnmọ́ iye ọkọ̀. Èmi kò ní kí a gun kẹ̀kẹ́ láti Àjàṣẹ́ lọ sí òkú ní Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí kí a fi gbé aláìsàn. Fún èyí, a lè wọ takisí.

Àwíjàre kan ṣoṣo tí ó gbà mí ní àròjinlẹ̀ ni ti ewu ojú títì. Àwọn ọkọ̀ ńlá kì í wo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ọ̀nà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn olórí ìlú, bí gbogbo ẹni tí ó lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ bá jókòó sínú ọkọ̀ tí ó ti fèrèsé pa?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iyì, òun gan-an sì ni gbòǹgbò. Ọkọ̀ kò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, tí ọkọ̀ olùkọ́ rẹ̀ sì tú èéfín sí lójú, ẹ̀kọ́ wo ni ó rí kọ́ níbẹ̀? Àwọn tí ó pe ọkọ̀ yìí ní ayọ́kẹ́lẹ́ fún un lórúkọ tí ó tọ́ sí kẹ̀kẹ́ oníná: òun ni ó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìpariwo, láìrú èéfín.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, alùpùpù oníná ti wà lójú títì Kutonu àti Lome. Kì í ṣe àlá. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè: kí àwọn tí ń yá olùkọ́ lówó ọkọ̀ máa yá a lówó kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, kí ilé ẹgbẹ́ wa ní ibi tí a lè so kẹ̀kẹ́ mọ́ kí a sì fi iná sí bátìrì, kí a sì dẹ́kun fífi olùkọ́ tí ó gun kẹ̀kẹ́ wá sí ìpàdé ṣe ẹlẹ́yà. Èyí tó kẹ́yìn kò ná wa ní kọ́bọ̀. A lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.