Zimbabwe padà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rọ́gíbì: ìdùnnú nìkan kò tó

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló ṣẹ mọ́ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì orílẹ̀-èdè Zimbabwe lára lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2025, nígbà tí wọ́n fi àmì ayò 30 sí 28 fàgbà han Nàmíbíà ní pápá ìṣeré Mandela tó wà ní Namboole, nílùú Kampala, lórílẹ̀-èdè Ùgáńdà. Àmì ayò méjì péré ni wọ́n fi borí, ṣùgbọ́n àmì ayò méjì náà ló fún wọn ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, òun náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2027, tí yóò wáyé lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, sílẹ̀ fún wọn.

Ìròyìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ milẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, torí pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Rọ́gíbì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹ̀yìn sì ni agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jù ú sí bó bá fẹ́ fi ọwọ́ jù ú sí ẹnìkejì rẹ̀. Èèyàn 15 ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n sì fi ń figa gbága. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dé òpin ilẹ̀ alátakò, tó sì fi kanlẹ̀, gba àmì ayò 5 fún ikọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ni alátakò lè dì mú, kó sì gbé e ṣánlẹ̀. Eré alágbára ni, ẹni tí kò bá sì múra sílẹ̀ dáadáa lè fara pa gidigidi níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Zimbabwe fi kọjá ká kan pàtẹ́wọ́ ká sì máa lọ.

Ọdún 1991 ni ikọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Sables, ti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kẹ́yìn. Wọ́n lọ sí ti ọdún 1987 tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, wọ́n sì lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 ni wọ́n gbá nínú ìdíje méjèèjì, wọn kò sì borí nínú ẹyọ kan. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti Ròmáníà lọ́dún 1987, tó fi àmì ayò kan ṣoṣo lé wọn, 21 sí 20. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí. Nàmíbíà ló ń bá Gúúsù Áfíríkà lọ, ẹ̀ẹ̀meje léraléra, láti ọdún 1999 títí di 2023. Bí Zimbabwe bá fi máa dé Ọsirélíà, ọdún 36 yóò ti kọjá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1991 yóò ti di baba ọlọ́mọ.

Kí ló fa ìdádúró náà? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kò ju kó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Zimbabwe gbá kẹ́yìn nínú ìdíje ọdún 1991 lọ. Jàpáánì ni wọ́n kojú nílùú Belfast, 52 sí 8 ni Jàpáánì sì fi nà wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Jàpáánì yóò borí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Nínú ìsọ̀rí kan náà lọ́dún náà, Áyálándì àti Skọ́tláǹdì na orílẹ̀-èdè méjèèjì. Lójú aráyé nígbà náà, ẹgbẹ́ ni Jàpáánì àti Zimbabwe, ìdí àtẹ ni àwọn méjèèjì wà.

Kì í ṣe pé ọ̀nà dán fún Jàpáánì lẹ́yìn náà. Lọ́dún 1995, New Zealand fi 145 sí 17 dójú tì wọ́n ní Gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n wọn kò tìtorí ìtìjú pa iná ilé. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá wọn ń gba àwọn agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Lọ́dún 2003, wọ́n dá ìdíje líìgì tó kárí orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Wọ́n gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáńtọ́, wọ́n sì ń wá orílẹ̀-èdè tó jù wọ́n lọ láti bá gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 2015, wọ́n fi 34 sí 32 borí Gúúsù Áfíríkà nílùú Brighton, ẹnu sì ya gbogbo ayé. Lọ́dún 2019, àwọn fúnra wọn ló gba àlejò ìdíje náà, wọ́n sì na Áyálándì àti Skọ́tláǹdì, àwọn méjì tó nà wọ́n lọ́dún 1991. Ara àwọn ọmọ Jàpáánì kò ki ju ti àwọn ọmọ Zimbabwe lọ. Ètò ló yàtọ̀.

Zimbabwe kò ṣaláìní ẹ̀bùn. Àwọn iléèwé bíi Prince Edward àti Churchill nílùú Harare, àti Peterhouse lẹ́bàá ìlú Marondera, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní rọ́gíbì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà dẹnu kọlẹ̀, tí owó wọn sì di bébà lásán lọ́dún 2008, ìkòkò ilé ni àwọn ará ìta ń bá wọn bù nínú rẹ̀. Tendai Mtawarira, ọmọ tí wọ́n bí sí Harare, tó lọ sí Churchill àti Peterhouse, gbá bọ́ọ̀lù fún Gúúsù Áfíríkà nígbà 117, ó sì gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé pẹ̀lú wọn lọ́dún 2019. David Pocock, tí wọ́n bí sí Gweru, di ọ̀kan lára àwọn balógun ikọ̀ Ọsirélíà. Takudzwa Ngwenya wọ aṣọ Amẹ́ríkà. Ta ló lè dá wọn lẹ́bi? Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni oníṣẹ́ ń lọ.

Àwọn tó dúró sílé jìyà púpọ̀. Ní oṣù keje, ọdún 2017, nígbà tí ikọ̀ náà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Tùnísíà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ibi tí wọ́n fi wọ́n sí kò ṣeé gbé, ìta gbangba ni wọ́n sì sùn sí. Àwòrán wọn, pẹ̀lú ẹrù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, káàkiri ayé. Àwọn tó ń gbé àsíá orílẹ̀-èdè ló ń sùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ará.

Láti orí ilẹ̀ yẹn dé orí àga, ọdún mẹ́jọ péré ni. Lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Piet Benade, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé àti àwọn tó ní ìbátan ní Zimbabwe ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun jọ. Ian Prior, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Western Force ní Ọsirélíà, wà lára àwọn tó jẹ́ ìpè náà. Lọ́dún 2024, wọ́n fi 29 sí 3 lu Àlùjéríà nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 2025, wọ́n na Mòrókò, wọ́n na Kẹ́ńyà, wọ́n sì fi Nàmíbíà ṣe àṣekágbá. Oríyìn tọ́ sí wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ahun.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí oríyìn bá tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀rí tí wọ́n pín Zimbabwe sí ní oṣù Kejìlá, ọdún 2025, le bí ojú ẹja. England, Wales àti Tonga ni wọn yóò kojú. Gbogbo èèyàn ló rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ikọ̀ kékeré tí kò múra tó. Nínú ìdíje ọdún 2023, Faransé fi 96 sí òdo lu Nàmíbíà, England sì fi 71 sí òdo lu Chile. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn rí Portugal nínú ìdíje kan náà, ikọ̀ kékeré tí kò tíì borí rí, tó fi 24 sí 23 na Fiji nílùú Toulouse.

Ohun tó tún burú ju kí wọ́n nani lọ wà níbẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́dún 1995, orílẹ̀-èdè Ivory Coast ló yege láti Áfíríkà, bí Zimbabwe ṣe yege yìí. Àwọn tó ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun ló pọ̀ nínú ikọ̀ náà. Skọ́tláǹdì fi 89 sí òdo lù wọ́n. Lọ́jọ́ 3, oṣù kẹfà, nígbà tí wọ́n ń bá Tonga gbá nílùú Rustenburg, àwọn agbábọ́ọ̀lù wó lu Max Brito, eegun ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Orí ibùsùn ló wà títí tó fi jáde láyé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Ìjàǹbá lè dé bá ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ikọ̀ olówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó múra, tó ní dókítà lẹ́yìn, tó sì ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù léraléra ni ewu rẹ̀ dínkù.

Àwọn kan lè sọ pé orílẹ̀-èdè tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ní oògùn kò gbọ́dọ̀ náwó sórí eré. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó bá ti gbé àsíá rẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, tó ní kí wọ́n lọ kojú àwọn òmìrán, ti jẹ wọ́n ní gbèsè. Kò lè gba ògo wọn kó má gbọ́ bùkátà wọn.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba Zimbabwe àti àjọ rọ́gíbì wọn ṣe ohun mẹ́rin. Kí wọ́n san owó àwọn agbábọ́ọ̀lù lásìkò, kí ó sì hàn sí gbogbo ayé iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kí wọ́n ní dókítà àti owó ìdójútòfò fún ẹnikẹ́ni tó bá fara pa, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fara pa. Kí wọ́n wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó le fún wọn. Kí wọ́n sì ná lára owó tó bá wọlé sórí àwọn iléèwé, pàápàá iléèwé ìjọba, torí ibẹ̀ ni ọmọ ọ̀la wà. Àjọ World Rugby náà ní ẹrù tirẹ̀ láti gbé. Wọ́n fi kún iye orílẹ̀-èdè tí yóò kópa, láti 20 sí 24. Èyí dára, àmọ́ kò dára kí wọ́n pe àlejò wá síbi àsè kí wọ́n sì fi í ṣe ẹran. Àwọn ikọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ máa bá àwọn kékeré gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọdún, kì í ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Ikọ̀ rọ́gíbì orílẹ̀-èdè yìí, Black Stallions, kò tíì fojú kan Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Bẹ́ẹ̀, Adédayọ̀ Adébáyọ̀ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ́dún 1970, England ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Maro Itoje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló di balógun ikọ̀ England lọ́dún 2025, England yìí kan náà ni Zimbabwe yóò sì kojú. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò ní ṣaláìsí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá. Ohun tó kù ni kí èyí tó wọ aṣọ Áfíríkà náà ní ohun tí èyí tó wọ aṣọ England ní lẹ́yìn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Oṣù kẹwàá, ọdún 2027 ni Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Harare ni wọn yóò ti pinnu rẹ̀.