Kí iná kọ́kọ́ dé ilé ìgbẹ̀bí ná, kí á tó sọ ti jíìpù

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, wọ́n gbé àbá kan kalẹ̀: kí ẹgbẹ́ dáwó jọ, kí á ra jíìpù ńlá kan tí yóò máa gbé àwọn ìjòyè wa lọ sóde, tí a ó sì máa fi pàdé àlejò. Kì í ṣe jíìpù lásán o. Irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní hybride rechargeable ni: ó ní ẹ́ńjìnnì esáńsì, ó tún ní bátìrì ńlá tí à ń fi wáyà sí príìsì kó lè gba iná. Wọ́n ní ó gbayì, kì í pariwo, kì í mu esáńsì púpọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò bá ọkọ̀ náà jà. Ọmọ wa tó bá fi owó ara rẹ̀ rà á sí Kútọnu, tó ní gáréèjì, tí iná ilé rẹ̀ sì lágbára, kó gùn ún kó pẹ́. Á fi iná nìkan lọ síbi iṣẹ́, á fi bọ̀, á ki wáyà bọ̀ ọ́ lálẹ́, á sùn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é nìyẹn. Owó ìlú ni èmi ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ mú BMW X5 xDrive45e. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 24. Mítà ampéèrè 5 ló wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ampéèrè 5 lórí fọ́ltì 220, wáàtì 1100 ni. Nǹkan bíi wákàtí 22 ni kí bátìrì yẹn tó kún, bí a bá pa gbogbo gílóòbù, fáànù àti firíìjì inú ilé. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ láàárín ńkọ́?

Àwọn kan á ní: “Bí kò bá sí iná, kó máa mu esáńsì.” Òótọ́ ni, yóò rìn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni owó wa yóò ti jóná. Ọkọ̀ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, nítorí ó ru ẹ́ńjìnnì, ó tún ru bátìrì. Bí bátìrì bá ti ṣófo, ẹrù lásán ló dà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé àkọsílẹ̀ jáde lórí irú ọkọ̀ yìí bí àwọn èèyàn ṣe ń wà á lójú títì: èéfín tó ń tú jáde tó ìlọ́po 3 àti ààbọ̀ èyí tí ilé àyẹ̀wò kọ sílẹ̀, nítorí àwọn tó ni ín kì í fi wáyà sí i tó bó ṣe yẹ. Yúróòpù nìyẹn o, níbi tí príìsì wà nílé gbogbo. Àwa ńkọ́?

Esáńsì wo la sì fẹ́ rọ sí i? Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní Nàìjíríà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, gbogbo wa la mọ bí owó kpayo ṣe fò sókè lẹ́bàá ọ̀nà. Kpayo tó lómi, tó nídọ̀tí, mọ́tò àtijọ́ lè fara dà á. Ẹ́ńjìnnì eléyìí kò ní gbà. Àwọn mẹkaníìkì wa ní Pobè ń jí Peugeot tó ti kú dìde, mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n iná inú ọkọ̀ yìí lé ní fọ́ltì 300, ó lè pa ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ọ́físì kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí ọkọ̀ tuntun tó sùn sábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún méjì nítorí ohun èlò kékeré kan tí kò sí lọ́jà. Adìyẹ ló padà ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù kò tilẹ̀ sí nínú ọkọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn sí Illoulofin, nínú kómínì Pobè tiwa níbí, mégáwáàtì 25. Oòrùn tó ń ta lórí oko wa ló ń di iná, tó ń gba inú wáyà lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó dáa, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rìn dé àwọn abúlé wa lálẹ́, kí ẹ ka iye ilé tó ń fi tọ́ọ̀ṣì jẹun. Mo mọ abúlé kan tí agbẹ̀bí ti ń fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú kó tó lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ọmọ. Bí wọ́n ṣe gba ọmọ-ọmọ mi kan nìyẹn. Èmi wà níta, mò ń gbàdúrà kí bátìrì tọ́ọ̀ṣì yẹn má kú.

Iná tí jíìpù yẹn yóò gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tó tan gílóòbù LED 10, oníwáàtì 10, láti alẹ́ di òwúrọ̀, fún òru 20. Ẹ̀yin ìjòyè wa, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ki wáyà bọ príìsì? Firíìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wẹ́wẹ́, àbí jíìpù?

Wọ́n ní nítorí iyì ni. Ìjòyè tó gun jíìpù gba inú òkùnkùn kọjá, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, iyì wo nìyẹn? Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Àbá tèmi rèé. Kí á gbé ọ̀rọ̀ jíìpù tì. Bí òde bá dé, kí ẹgbẹ́ háyà ọkọ̀ tó mọ́, tó dára, fún àwọn bàbá wa. Kí á fi owó tí a bá dá ra páńẹ́lì oòrùn àti bátìrì fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí tí kò níná, kí á sì wá ọmọ wa kan tó mọ iṣẹ́ náà láti máa tọ́jú wọn. Kí àwọn ìjòyè fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí mérì ní Pobè àti sí SBEE, kí á bi wọ́n pé: iná Illoulofin, ọjọ́ wo ni yóò yà sọ́dọ̀ wa?

Ẹni tó bá ní ìṣirò tó ju èyí lọ, kó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Màá jókòó, màá gbọ́. Ṣùgbọ́n kó má fi àtẹ́wọ́ dá mi lóhùn, kó mú nọ́ńbà wá.

Kí Towé má bàjẹ́ o.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Towé