Ẹ̀tọ́ Ológbò Tí Àtọ̀gbẹ Ń Ṣe

Kò sí Mùsùlùmí tí ó ń jókòó ti wáàsí tí kò mọ ìtàn obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ, títí ẹran náà fi kú. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé àwọn ènìyàn pé nítorí ológbò yìí ni obìnrin náà ṣe wọ iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ẹni tí ó ń bọ́ ológbò lójoojúmọ́ náà lè fi ìyà jẹ ẹ́, bí àìsàn bá dé tí ó sì ní ológbò lásán ni.

Àrùn àtọ̀gbẹ tí ń ṣe ọmọ ènìyàn ń ṣe ológbò pẹ̀lú. Èyí tí ó sábà máa ń ṣe é jọ ti àwọn àgbàlagbà: ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí ínsúlínì mọ́ bí ó ti yẹ, ṣúgà sì ń kún inú ẹ̀jẹ̀. Ológbò tí ó sanra jù, tí ó ti dàgbà, pàápàá akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ni ó máa ń mú jù. (Ìtẹ̀lọ́dàá ní ìjíròrò tirẹ̀ láàrin àwọn onímímọ̀, ibí yìí kọ́ ni àyè rẹ̀.)

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Ológbò náà yóò máa mu omi púpọ̀, yóò máa tọ̀ púpọ̀, yóò máa jẹun dáadáa síbẹ̀ yóò máa rù. Bí ó bá pẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rọ, yóò sì máa fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ìgbà yìí ni àwọn kan ń sọ pé ọwọ́ ayé ni. Dókítà ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ bá. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin. Dókítà kì í fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré dájọ́, nítorí ẹ̀rù nìkan tó láti mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ológbò gòkè.

Ẹran ni Ọlọ́hun dá ológbò láti máa jẹ. Ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti oúnjẹ gbígbẹ tí ìyẹ̀fun pọ̀ nínú rẹ̀ kò bá àìsàn yìí mu. Bí ínsúlínì bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí oúnjẹ sì yí padà, àwọn ológbò kan máa ń bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ láàrin oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó darí ìyípadà náà, nítorí bí oúnjẹ bá yí tí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kò yí, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń jẹ́, wákàtí 12 sí ara wọn. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ àti ti alẹ́ rọrùn fún ẹni tí ń kírun, nítorí Mọ̀ǹgàríbì ti parí nígbà náà. Ológbò kò gba ààwẹ̀: nínú oṣù Rọmọdọ́ọ̀nù, kí àkókò rẹ̀ má ṣe bọ́ sí ìgbà sààrì.

Ìwọ̀n ni ewu wà. Ínsúlínì kan ní yúnìtì 40 nínú mílílítà 1, òmíràn ní 100. Ẹni tí ó bá fi sírínjì ti 40 fa ti 100 ti fún ẹran náà ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Nítorí náà, kí ọmọ kankan má ṣe fa oògùn ìyá rẹ̀ fún ológbò. Bí ẹran náà bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tàbí tí gìrì mú un, kí wọ́n fi oyin pa èrìgì rẹ̀, kí wọ́n má ṣe da ohunkóhun sí i lọ́fun, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ. Bí ó bá kọ oúnjẹ, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó gún un.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò bèèrè nípa ẹlẹ́dẹ̀. Lóòótọ́, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èyí tí ń jẹ́ Caninsulin. Ṣùgbọ́n glargine kò ti ibẹ̀ wá, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ológbò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kí ó sọ fún dókítà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí oògùn gbígbémì Bexacat ní 2022 àti Senvelgo ní 2023, fún àwọn ológbò tí kò tíì gba ínsúlínì rí.

Inú fìríìjì ni ínsúlínì ń gbé. Èyí tí ó bá dì bí yìnyín ti bàjẹ́. Kí ẹni tí ń lọ sí Hajj tàbí sí oko wá ẹni tí yóò dúró fún un, kí ẹni náà sì ti gún ológbò náà lójú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò.