Àìjẹun Tí Kì í Ṣe Agídí: Ọ́tísímù àti Ọ̀ràn Oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ Greta Thunberg, ọmọbìnrin ará Sweden tí ó jókòó síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018 láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ojú ọjọ́ tí ń yí padà. Díẹ̀ ni ó mọ̀ pé nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, ó ṣíwọ́ oúnjẹ jíjẹ. Ìyá rẹ̀, Malena Ernman, tí í ṣe akọrin opera, kọ ọ́ sínú ìwé tí ìdílé wọn gbé jáde ní ọdún 2018 kan náà pé láàárín oṣù méjì, ọmọ náà fi nǹkan bí kílò 10 rù. Àwọn òbí a máa fi aago wo bí ó ti ń jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹyọ gnocchi 5 péré, oúnjẹ ọ̀dùnkún kéékèèké, gbà á ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn oníṣègùn tó wí pé ó ní Asperger, tí a ń kà mọ́ ọ́tísímù lónìí.

Kí òǹkàwé kíyè sí bí ọ̀ràn náà ti tò léra: àìjẹun ni a kọ́kọ́ rí, ọ́tísímù ni a rí kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Síbẹ̀ ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1943, nígbà tí Leo Kanner ní ìlú Baltimore kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ó ní ọ́tísímù, ó kíyè sí i pé oúnjẹ ti jẹ́ wàhálà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 1983, Christopher Gillberg, oníṣègùn ọpọlọ ní Gothenburg, béèrè ní gbangba bóyá ìbátan wà láàárín ọ́tísímù àti anorexia, àìsàn tí í mú ènìyàn fi ebi pa ara rẹ̀. Lónìí àwọn olùwádìí a máa sọ pé nínú 100 obìnrin tí a ń tọ́jú nítorí anorexia, a lè rí àmì ọ́tísímù lára bí 20 sí 35.

Kí ni ó fà á? Fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́, òórùn ọbẹ̀ lè le bí èéfín. Ilá tí ń yọ̀ lè mú un bì. Bí ọbẹ̀ bá kan ìrẹsì, àwo náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn kì í mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n títí òòyì yóò fi kọ́ wọn. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ti irú ọmọ yìí yàtọ̀: ọ̀rọ̀ mìíràn ti kún inú rẹ̀ kí ebi tó dé. Ìdí nìyí tí “ẹ fi í sílẹ̀, ebi yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n” kò fi ń ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn tí ó ní ADHD, tí ọkàn wọn kì í fẹ́ dúró lójú kan, wọ́n lè gbàgbé oúnjẹ láti òwúrọ̀, kí wọ́n sì jẹ àjẹjù ní alẹ́.

ARFID ni orúkọ tí a fún kíkọ oúnjẹ tí kò ní ìbẹ̀rù sísanra nínú. Ó wọ ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, ó sì wà nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Kì í ṣe ẹni tí ó ní ọ́tísímù nìkan ni ó ń ṣe. Ewu rẹ̀ ni pé ara lè má rù rárá. Ní ọdún 2019, àwọn dókítà ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ń gbé lórí ọ̀dùnkún díndín, ìpékeré ọ̀dùnkún, búrẹ́dì funfun àti sọ́séèjì láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, gíga rẹ̀ pé; aṣàjẹ lásán ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí yóò fi di ọmọ ọdún 17, àìtó fítámì ti ba iṣan ojú rẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ní ilé ìwòsàn Maudsley ní gúúsù London, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kate Tchanturia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní PEACE, fún àwọn tí anorexia àti ọ́tísímù pàdé lára wọn. Kì í ṣe oògùn tuntun. Wọ́n fi ọ̀dà tí kò gún ojú kun ògiri, wọ́n dín ariwo kù, wọ́n ṣètò oúnjẹ tí adùn àti òórùn rẹ̀ kò le, wọ́n sì fún aláìsàn ní ìwé pélébé tí yóò fi sọ ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Lójú tèmi, ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà: ilé ìwòsàn ni ó kọ́kọ́ yí padà, kì í ṣe aláìsàn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, agbára ni a sábà ń lò. Àwọn ìyá wa mọ bí a ti ń rọ ọmọ: a tẹ́ ẹ sórí itan, a fi ọwọ́ gbá ẹnu rẹ̀ bí ife, a da ẹ̀kọ mímu sí i, kí ó tó sọkún tán ó ti gbé e mì. Fún ọmọ tí ó ní ọ́tísímù, irú ipá bẹ́ẹ̀ lè sọ oúnjẹ kan ṣoṣo tí ó kù fún un di ohun ẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì tí ó ń jẹ máa wà nílé, kí ẹ gbé oúnjẹ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfi dandan lé e, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láti mú lọ bá dókítà. Ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ anorexia ni a ń tọ́jú tí ìtọ́jú kò gbà, ẹ béèrè bóyá a ti yẹ ọ́tísímù wò. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ọmọdé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́jú ARFID kò dọ́gba láti àdúgbò sí àdúgbò. Òbí tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún lọ.