Ọ̀bẹ tí Ìyá Fi Sílẹ̀: Ṣé Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó tú ilé kan ká ní Òsí níbí. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni.

Obìnrin oníṣòwò kan ló fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ tà nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀bẹ kan ló fi ń bẹ iṣu, òun náà ló fi ń gé ẹran, òun náà ló sì fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Nígbà tí ìyá kú, obìnrin yìí ló gba iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀bẹ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan tó ń gé eegun, ọ̀bẹ dá kẹ́ẹ́ níbi tí irin ti wọ inú èèkù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Ìlọrin ra ọ̀bẹ tuntun tó ń dán gbinrin wá fún un, ó ní kí wọ́n ta ti àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin fárígá. Ó ní iná kò gbọdọ̀ kan ọ̀bẹ ìyá òun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á. Kí wọ́n gbé e sínú àpótí. Obìnrin tó ni iṣẹ́ gan-an ní tòun, òun fẹ́ máa lò ó. Báyìí ni ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an, tí ẹ̀gbọ́n kò kí àbúrò mọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọ̀bẹ tó bọ́ ọmọ mẹ́ta, tó san owó ilé-ìwé wọn, kì í ṣe irin lásán mọ́. Bí ẹ bá wo èèkù irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ti jẹ níbi tí àtàǹpàkò ìyá máa ń tẹ̀ ẹ́. Owó kò lè ra ojú ibẹ̀ lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò lè tún irin ṣe. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí, tí mo sì fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní irú ohun bẹ́ẹ̀ nílé: iṣẹ́ méjì ni ọ̀bẹ ìyá ń ṣe. Ó ń gé nǹkan, ó sì ń rántí èèyàn. Kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kí a kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni a fẹ́ kí ó máa ṣe. Nítorí pé a kò mọ èyí ni a fi ń jà. Ìrántí ni ẹ̀gbọ́n ń wí, gígé ni àbúrò ọkùnrin ń wí, obìnrin oníṣòwò sì fẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tó ti bàjẹ́, bí olùkọ́ ti ń yẹ iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé wò kí ó tó fún un ní máàkì.

Bí ó bá jẹ́ èèkù ló là tàbí tó ń mì, kò tó ohun à ń sunkún sí. Igi ni èèkù. Ó ń mu omi, ó sì ń gbẹ, nítorí náà òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó. Bí ó bá là díẹ̀, a lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin. Bí ó bá ti jẹrà, kí a gbẹ́ òmíràn láti ara igi líle bí apá tàbí ayan. Alágbẹ̀dẹ yóò mú ìrù irin nìkan gbóná, yóò sì fi jó ihò rẹ̀ wọ inú igi náà. Ẹ má ṣe ju èèkù àtijọ́ nù kíá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ìyá wà.

Bí ó bá jẹ́ pé ó dógùn-ún ni, eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó. Ẹ fi ra á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi àdín pa á. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, nítorí èèkù rẹ̀. Ogún ni ẹ gbà, Ògún ló ni irin, ẹ má jẹ́ kí ó dógùn-ún.

Bí ojú rẹ̀ bá ya díẹ̀díẹ̀, òkúta ìpọ́n tàbí fáìlì lè mú un padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ lójú ọ̀nà. Bí òkúta ẹ̀rọ náà bá ń yí tí iná ń ta lára irin, tí ẹ sì rí i pé ojú ọ̀bẹ ti yí padà di aláwọ̀ aró, ó ti rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó pọ́n ọn láàárọ̀, yóò kú tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń rì í bọ omi lóòrèkóòrè, kò sì ní í kánjú.

Èyí tó burú ni kí irin fúnra rẹ̀ sán láàárín. Ẹ fi nǹkan kan án, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí ó bá dún gbinrin, ara rẹ̀ ṣì le. Bí ó bá dún bí ìkòkò tó ti sán, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò lójú oòrùn, ẹ ó sì rí ìlà kan bí irun orí. Ìlà náà kò ní í dúró sójú kan. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tó ń lò ó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, yóò dá, a kò sì mọ ibi tí ègé rẹ̀ yóò fò sí. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti parí iṣẹ́ gígé. Àpótí ni ibùgbé rẹ̀, kí a má fi ìrántí ìyá gé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ti àwọn ènìyàn wa yìí ńkọ́? Ìrù irin ló dá, ojú ọ̀bẹ ṣì dára. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí àwọn tó ń fi iná jó irin pọ̀ jó ìrù mìíràn mọ́ ọn. Èkejì ni kí alágbẹ̀dẹ gé díẹ̀ kúrò lára ìdí ọ̀bẹ náà, kí ó sì fi ibẹ̀ ṣe ìrù tuntun. Ọ̀bẹ yóò kúrú, ṣùgbọ́n irin kan náà ni látòkè délẹ̀.

Ẹ̀rù iná tó ń ba ẹ̀gbọ́n kì í ṣe asán o. Ohun tó mú kí ojú ọ̀bẹ le ni pé alágbẹ̀dẹ mú un pọ́n nínú iná, ó sì tì í bọ omi tàbí epo lójijì. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ padà sínú iná, tí a sì fi í sílẹ̀ kí ó rọra tutù fúnra rẹ̀, yóò rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àkísà tútù wé ojú ọ̀bẹ nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹ bi oníṣẹ́ léèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Báwo lẹ ó ṣe dáàbò bo ojú rẹ̀?” Bí kò bá ní èsì, ẹ gbé ọ̀bẹ yín, kí ẹ máa lọ. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ wá lọ.

Ìbéèrè kan wá kù tí àbúrò ọkùnrin náà bi mí: bí a bá pààrọ̀ èèkù lónìí, tí a sì pààrọ̀ irin lọ́dún mìíràn, ṣé ọ̀bẹ ìyá náà ni yóò ṣì jẹ́?

Ó yẹ kí ará Òsí lè dáhùn ìyẹn, nítorí ìlú ọlọ́nà ni wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà igi mọ̀ pé ìpele mẹ́rin ló ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, àti fífín. Níbi fífín ni ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Ìlú wa yìí ni Aréògún ti gbẹ́ igi títí ó fi kú ní 1954, tí orúkọ rẹ̀ sì kárí ayé. Bandele ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bandele wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Fákẹ́yẹ gbẹ́ igi títí di ìgbà ogbó, ó sì kú ní 2009. Ọ̀bẹ tí a ń pọ́n lójoojúmọ́ kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, nítorí bí a ti ń pọ́n ọn ni ó ń tín-ín-rín. Ohun tó kọjá láti ọwọ́ baba sí ọmọ, àti láti ọwọ́ ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́, ni bí a ti ń mú ọ̀bẹ dání. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń bẹ iṣu bí ìyá rẹ̀ ti ń bẹ ẹ́, ogún náà kò tíì sọnù, bí ọ̀bẹ tilẹ̀ di tuntun.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí èyí máa yára pààrọ̀ nǹkan. Ẹ rántí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ará Bìrìtìkó sì fẹ́ ẹ. Ọgọ́gà kọ̀, kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà ní ìpààrọ̀. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Pípààrọ̀ kò burú bí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ bá ṣì wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti jáde nílé lè má padà mọ́; ẹni tó bá fẹ́ wo ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ náà lónìí, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò lọ. Bí ilẹ̀kùn ọba bá lọ báyìí, kí ni kí a wá retí pé yóò ṣe ọ̀bẹ tí a tà fún onírin àlòkù? Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ́ ọ, ó tán.

Ìmọ̀ràn mi nìyí ní ṣókí. Bí ojú ọ̀bẹ bá dára, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí yóò fi ṣeé lò ni kí ẹ ṣe mọ; ẹ má sọ pé kí wọ́n sọ ọ́ di tuntun. Bí irin bá ti sán, tàbí tó ti tín-ín-rín jù, ẹ ra òmíràn fún iṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ti àtijọ́. Bí ohun náà bá jẹ́ ti gbogbo ọmọ, ẹ jókòó sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e jáde. Iye tí alágbẹ̀dẹ yóò gbà kéré sí owó tí ẹ ó ná láti fi parí ìjà.

Àwọn ènìyàn mi wọ̀nyí gbà. Alágbẹ̀dẹ gé ìdí ọ̀bẹ, ó ṣe ìrù tuntun, ó sì dá a padà sínú èèkù ìyá. Ọ̀bẹ tuntun ti Ìlọrin ló ń gé eegun báyìí. Ti ìyá ń rẹ́ ẹ̀fọ́, ó ń bẹ iṣu. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń sọ pé ọ̀bẹ náà ti kúrú. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń kí àbúrò rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.